Eré ìdárayá fún obìnrin tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára rẹ̀: báwo ni kí ó ti pọ̀ tó, kí sì ni kí a ṣọ́ra fún?

Ọwọ́ọ̀tún béèrè:

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin àǹtí, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ọyàn ọ̀tún, wọ́n sì yọ àwọn kókó kan kúrò ní abíyá mi ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Kímò, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fà síni lára láti pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n ní ó kàn, lẹ́yìn náà ni ìtọ́jú onítànṣán. Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni ó ń dà mí láàmú, nítorí pé ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan kì í bá ti ẹlòmíràn mu. Àwọn kan ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ní bí mo bá fi apá ọ̀tún gbé ohun tó wúwo pẹ́nrẹ́n, apá náà yóò wú, wíwú náà kò sì ní í lọ mọ́. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní kí n máa rìn, ṣùgbọ́n kò sọ bí ìrìn náà yóò ti pọ̀ tó, kò sì sọ ohun tí n óò ṣe lọ́jọ́ tí àárẹ̀ bá dá mi wó. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ mọ́ ọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé mi.

Arìnmárẹ̀ dáhùn:

Ẹ kú ìfaradà, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi àárẹ̀ tí ẹ mẹ́nu bà bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó máa ń lé ọ̀pọ̀ nínú wa padà sórí ibùsùn. Àárẹ̀ tí jẹjẹrẹ àti ìtọ́jú rẹ̀ ń mú wá kò jọ èyí tí ènìyàn ń ní lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó sì sùn, ara rẹ̀ á ti fúyẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba kímò lè sùn láti alẹ́ di ọ̀sán, kí ó sì jí bí ẹni tí wọ́n lù. Ìdí nìyí tí ìsinmi nìkan kì í fi í tó. Bí a bá ń dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ kan dé èkejì, iṣan ara á máa rù, agbára ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró á máa dín kù, títí tí wíwẹ̀ lásán yóò fi di iṣẹ́ ńlá, tí iṣẹ́ ńlá náà yóò sì tún dá àárẹ̀ mìíràn sílẹ̀. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ wà lára ohun tí a mọ̀ pé ó ń dín àárẹ̀ yìí kù jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ẹni tó ti rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní ti iye, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní ọdún 2018 lábẹ́ American College of Sports Medicine, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣègùn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ìmọ̀ràn wọn jáde ní 2019. Ohun tí wọ́n dábàá ni eré tó ń mú kí ọkàn lù yára díẹ̀, fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú eré tó ń fún iṣan lágbára, bíi gbígbé irin, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ tó láti dín àárẹ̀, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù. Èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ní 2020 ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú 150 sí 300 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ka àwọn tí jẹjẹrẹ ti ṣe rí mọ́ àwọn tí ìmọ̀ràn náà wà fún. Kò pọn dandan kí ẹ fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ilé, kí ẹ sì máa fi díẹ̀ kún un ní ọ̀sẹ̀ tí ara bá gbà. Ẹnu yín ni yóò sọ bí eré náà ti le tó: bí ẹ bá lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń já lẹ́nu yín, ẹ dẹwọ́.

Ní àsìkò kímò, ẹ má ṣe ètò ọ̀sẹ̀ bí ẹni pé gbogbo ọjọ́ rí bákan náà. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá fa oògùn síni lára ni ó máa ń le jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara á sì máa padà bọ̀ sípò kí ìgbà tó kàn tó pé. Èmi a máa kọ bí ara ti rí àti bí mo ti rìn tó sínú ìwé kékeré kan, nígbà tí oògùn ẹlẹ́ẹ̀kejì sì fi máa dé, mo ti mọ ọjọ́ tí mo lè rìn jìnnà àti ọjọ́ tí yíyí yàrá po yóò tó mi. Ọjọ́ tí a yí yàrá po náà wà nínú kíkà.

Físíò_Èjìká dáhùn:

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ara tọ́jú aláìsàn, ni mo ń ṣe, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn fún sì wà lára àwọn tí mo ń rí jù lọ. Àǹtí tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ti ìrìn dáadáa, nítorí náà ti apá ni n óò sọ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìbẹ̀rù a máa mú kí obìnrin di apá mọ́ ìhà, kí ó sì tẹ èjìká síwájú. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, awọ àti iṣan àyà á súnkì, èjìká á gan, ọwọ́ kò sì ní í lè dé ẹ̀yìn orí mọ́. Ẹni tí yóò gba ìtànṣán bíi tiyín ní ìdí mìíràn tí kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀: wọn yóò ní kí ó gbé apá kọjá orí, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ láìmira lórí tábìlì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí apá kò bá gòkè, ìtọ́jú lè dúró dè é.

Bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yín kò bá sọ ohun mìíràn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ àwọn eré kéékèèké láti ọjọ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ. Ẹ gbé èjìká méjèèjì sókè sí apá etí, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra wálẹ̀. Ẹ yí wọn sẹ́yìn. Ẹ ká ìgúnpá kò, kí ẹ sì nà án. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ sì tú u. Níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà tó ń fa omi kúrò lójú abẹ bá ṣì wà lára, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kì í fẹ́ kí ìgúnpá ga ju èjìká lọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ náà ya irun tàbí bọ́ ojú, eré ìdárayá ni ẹ ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá yọ rọ́bà, tí ojú abẹ sì ń jinná, ni ọ̀rọ̀ kan ògiri.

Ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ fi àlàfo bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láàárín ìka ẹsẹ̀ yín àti ògiri náà. Ẹ gbé ìka ọwọ́ lé ògiri ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ sì máa fi ìka rìn gòkè, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí nǹkan yóò fi máa fà yín ní abíyá tàbí lójú abẹ. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Fífà náà a máa rọ̀ díẹ̀, nígbà náà ni ẹ ó wò ó bóyá ìka lè gbé ìṣísẹ̀ kan sí i, kí ẹ tó fi ìka rìn padà wálẹ̀ bí ẹ ti fi gòkè. Ẹ má ṣe já ọwọ́ sílẹ̀ lójijì. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ilà tín-ínrín sí ibi tí ẹ dé, nítorí ìlọsíwájú náà kéré débi pé ẹni tí kò bá sàmì sí i yóò rò pé ojú kan ni òun wà. Kí nǹkan fani kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gúnni bí abẹ́rẹ́, tàbí tí ìrora náà kò tíì lọ lẹ́yìn wákàtí méjì, a ti ṣe é jù, kí a dín in kù lọ́jọ́ kejì.

Ohun kan tún wà tó máa ń da jìnnìjìnnì bo ènìyàn. Ẹ lè gbé apá sókè níwájú dígí kí ẹ rí ohun kan bí okùn tó le lábẹ́ awọ, tó ti abíyá lọ sí ìgúnpá, nígbà mìíràn tí yóò dé ọrùn ọwọ́. Kì í ṣe jẹjẹrẹ ni ó padà. Ó wọ́pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ kókó abíyá, nínà apá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ ojú físíò ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ so apá rọ̀ títí tí yóò fi lọ fúnra rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n gé lára ikùn rẹ̀ láti fi ṣe ọyàn tuntun ní ìlànà tirẹ̀: kí ó má ṣe dìde jókòó láti orí ìdùbúlẹ̀ láìfi ọwọ́ tilẹ̀, kí ó má sì ṣe eré tó ń fún ikùn, títí ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà yóò fi gbà á láyè.

Ìyá_Àgbà dáhùn:

Ọmọ mi, fara balẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo wa pé a kò gbọdọ̀ fi apá yẹn gbé ohun tó wúwo ju ìgò omi kan lọ láéláé, ọmọ-ọmọ ẹni pàápàá kò yọ sílẹ̀. Mo pa á mọ́, apá mi kò sì wú. Ìrìn tí wọ́n ní kí o máa rìn, máa rìn ín. Kí ni a tún ń wá lọ sídìí irin gbígbé?

Físíò_Èjìká dáhùn:

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún aláìsàn nígbà yẹn, ìbẹ̀rù náà kò sì ṣàì ní ìdí. Inú àwọn kókó abíyá ni omi ara apá ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá yọ lára wọn, tàbí tí wọ́n bá tan ìtànṣán sí wọn, ọ̀nà omi náà á dín, omi náà sì lè kó jọ sínú apá. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rò pé iṣẹ́ yóò dá kún un. Ní 1996, Don McKenzie, dókítà eré ìdárayá ní University of British Columbia ní Kánádà, kó obìnrin 24 tí jẹjẹrẹ ọyàn ti ṣe rí jọ ní Vancouver, ó sì kọ́ wọn láti máa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi gígùn, iṣẹ́ tó jẹ́ pé apá àti èjìká ni ó gbé e dúró. Kò sí apá tuntun tó wú láàárín wọn.

Èyí tó yanjú ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ìwádìí tí Kathryn Schmitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2009 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Obìnrin 141 tí apá wọn ti wú tẹ́lẹ̀ ni ó kópa. Apá kan nínú wọn ń gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọdún kan, apá kejì kò gbé e. Ìwọ̀n apá àwọn tó gbé irin kò ju ti àwọn yòókù lọ, ìgbà tí wíwú náà sì ru sókè lára wọn kéré: 14 nínú 100, nígbà tí ti àwọn tí kò gbé irin jẹ́ 29 nínú 100. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá ka èyí má sáré lọ gbé irin ńlá. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó fúyẹ́ gan-an, olùkọ́ wà lọ́dọ̀ wọn ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, wọ́n sì ń wọ aṣọ fífún tí wọ́n ń bọ̀ sí apá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Ìlàjì kílò tàbí rọ́bà fífà tó rọ̀ dára fún ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ojú abẹ bá ti jinná tí dókítà sì ti fọwọ́ sí i. Bí àìsàn bá dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀n tó fúyẹ́ ju ibi tí ẹ dúró sí lọ.

Kí ẹ sì máa ṣọ́ apá náà. Kí ó máa wúwo, kí òrùka tàbí ọwọ́ aṣọ tó ń gbà yín tẹ́lẹ̀ wá máa fún, àmì ni; ẹ lè máa fi téèpù aránṣọ wọn apá méjèèjì ní ojú kan náà lóṣooṣù. Bí apá tàbí àyà bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kòkòrò àrùn ti wọlé, oògùn ni yóò sì lé e.

Ìyá_Àgbà dáhùn:

Ó dáa, mo gbọ́. Ìgò omi náà ni n óò ṣì fi bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ_Rẹ̀ béèrè:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún ọkùnrin láàyè láàárín yín. Ìyàwó mi ń gba kímò lọ́wọ́, ó sì ní àfi kí òun máa gun àtẹ̀gùn ilé lójoojúmọ́. Mo ń dá a dúró, ó ń bínú. Ọjọ́ wo ni ó léwu?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù dáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú, sà. Ẹ jẹ́ kí ó gùn ún, kí ó máa di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ ju ìgbà tó bá ń gòkè lọ. Lára oògùn kímò, pàápàá paclitaxel àti docetaxel, ni èyí tó máa ń mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú tipiri, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lè ṣubú. Bí ó bá ń ṣe ìyàwó yín bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí a ń wà lójú kan sàn ju àtẹ̀gùn lọ.

Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná dé ìwọ̀n 38°C, kí ó má ṣe eré kankan, kí ẹ sì pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ibà nígbà kímò kò ṣeé fi falẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá ń bì tàbí tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, kí ó sinmi. Ẹ máa béèrè èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, yóò máa mí gúlegúle lórí iṣẹ́ kékeré, bí èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bá lọ sílẹ̀, kí ó yẹra fún ohunkóhun tó lè gbé e ṣubú tàbí gbá a lára, bí agbára tí ara fi ń bá àrùn jà bá sì lọ sílẹ̀, kí ó má lọ sí ibi eré tí èrò pọ̀ sí. Ẹni tí rọ́bà tí wọ́n ń gbà fa oògùn síni lára wà ní apá rẹ̀ kò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́. Bákan náà ni ẹni tí ìtànṣán ti bó awọ rẹ̀, títí yóò fi jinná.

Oògùn bíi doxorubicin àti trastuzumab lè kan ọkàn, ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń yẹ ọkàn wò ní àsìkò ìtọ́jú. Nítorí náà, àyà dídùn, òòyì tó fẹ́ gbéni ṣubú, kí ọkàn máa lù ségesège, tàbí kí èémí ṣàdédé ṣòro, kí eré dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá ìtọ́jú pàjáwìrì. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń dùn ún lẹ́yìn ojúgun, nítorí jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ àti oògùn bíi tamoxifen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó gun àtẹ̀gùn rẹ̀, sà.

Oríkèé_ń_dùnmí béèrè:

Èmi ti parí kímò, letrozole ni mo ń lò. Gbogbo oríkèé mi ló gan lówùúrọ̀, orúnkún àti ìka ọwọ́ ló burú jù. Ṣé irú mi lè ṣe eré ìdárayá?

Arìnmárẹ̀ dáhùn:

Ẹ pẹ̀lẹ́. Oògùn bíi letrozole àti anastrozole ń mú ẹ́sítírójìn, èròjà ara obìnrin, lọ sílẹ̀ nínú ara, oríkèé dídùn sì wọ́pọ̀ pẹ̀lú wọn débi pé àwọn kan ń tìtorí rẹ̀ pa oògùn náà tì, èyí tó léwu ju ìrora náà lọ. Ìwádìí kan wà tí Melinda Irwin ti yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe pẹ̀lú obìnrin 121 tí wọ́n wà nínú irú ìrora yín gan-an, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015. Àwọn tó ń rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe eré agbára lẹ́ẹ̀mejì, ìrora wọn tó le jù dín kù ní nǹkan bí 29 nínú 100 láàárín ọdún kan, ti àwọn yòókù kò sì dín. Ẹ má ṣe é ní kété tí ẹ bá jí; ẹ jẹ́ kí omi gbígbóná rọ oríkèé ná. Àwọn oògùn wọ̀nyí tún máa ń mú kí egungun fúyẹ́, eré tí ẹsẹ̀ fi ń gbé ara ró bí ìrìn, àti eré agbára, sì ni ó ń ran egungun lọ́wọ́. Odò wíwẹ̀ dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ egungun yìí.

Kọ́múdẹ̀jì béèrè:

Ṣé lóòótọ́ ni eré ìdárayá kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ padà?

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù dáhùn:

Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn ṣe ìlérí fún yín. Nínú ìwádìí àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, tí wọ́n fi tẹ̀ lé obìnrin 2,987 lẹ́yìn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára wọn, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ náà kéré láàárín àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá, ó sì kéré jù láàárín àwọn tí tiwọn tó rírìn fún wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n wíwò ni wọ́n wò wọ́n, wọn kò pín wọn sí ẹni tí yóò ṣeré àti ẹni tí kò ní í ṣe é. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló sábà máa ń lè rìn jù. Eré ìdárayá kò rọ́pò oògùn. Èyí tí mo sì kórìíra ni kí ẹnìkan wá fi ẹ̀sùn kan obìnrin tó ń ṣàìsàn pé àìṣeré ló fà á.

Ọwọ́ọ̀tún dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Kí ni kí n wọ̀ sí àyà? Kọ́mú mi àtijọ́ ń ha ojú abẹ.

Arìnmárẹ̀ dáhùn:

Èyí tó rọ̀, tí kò ní irin nísàlẹ̀, tí okùn èjìká rẹ̀ fẹ̀, tó sì ń dè níwájú, nítorí pé fífa kọ́mú gba orí wọ̀ máa ń ṣòro nígbà tí apá kò tíì gòkè. Bí ó bá fi ilà jíjìn sílẹ̀ lára yín, ó ti fún jù.

Egungun_Ẹ̀yìn béèrè:

Jẹjẹrẹ tèmi ti dé egungun ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ó kàn mí?

Físíò_Èjìká dáhùn:

Ó kàn yín, ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ orí ayélujára bẹ̀rẹ̀ tiyín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín egungun wo ni ó wà, àti bóyá egungun náà ṣì lè gbé ara ró, kí ẹ sì mú èsì àwòrán náà lọ bá físíò tó mọ̀ nípa jẹjẹrẹ. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ yẹra fún fífò, títẹríba gbé ẹrù, àti yíyí ìbàdí pẹ̀lú ohun wíwúwo lọ́wọ́. Ìrìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú àti eré tí a ń jókòó ṣe lórí àga sábà máa ń ṣeé ṣe, bí dókítà bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìrora tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn, pàápàá èyí tó ń jí yín lóru, tàbí tí ẹsẹ̀ kò bá lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, tí ó ń kú tipiri, tàbí tí ẹ kò lè káwọ́ ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín ní ilé ìwòsàn. Ẹ lọ ní wákàtí náà, ì báà jẹ́ òru, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bá pàdé níbẹ̀ pé jẹjẹrẹ wà ní egungun ẹ̀yìn yín, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ó ti ń tẹ okùn inú egungun ẹ̀yìn tó ń darí ẹsẹ̀, ìtọ́jú tí wọ́n bá sì tètè ṣe ni ó ń gba ẹsẹ̀ là.